Èdè Orí Àpáta àti Èdè Ẹsẹ̀ Àpáta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bó pẹ́ títí, ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Òwe yìí ni ó wá sí ọkàn ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá èdè kan, ọmọ Abẹ́òkúta, nígbà tí ó dúró ní ẹsẹ̀ àpáta Debre Damo, ní ìhà àríwá Etiópíà, ní ọdún 2012. Ó gbójú sókè, ó sì rí okùn awọ tí wọ́n so rọ̀ sílẹ̀ láti ibi tí ó ga tó mítà 15. Kò sí àtẹ̀gùn, kò sí àkàbà. Okùn yẹn ni ọ̀nà. Ẹni tí yóò bá dé ilé àwọn mọ́ńkì tó wà lókè, okùn ni yóò dì mú, àpáta ni yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀, mọ́ńkì kan yóò sì máa fi okùn kejì tí wọ́n so mọ́ ọn níbàdí fà á láti òkè.

Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í. Òun náà ìbá gòkè, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ju ti ọkọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí obìnrin gun Debre Damo. Òfin náà le tó bẹ́ẹ̀ tí abo ẹran pàápàá, ìbáà ṣe abo ewúrẹ́ tàbí àgbébọ̀ adìẹ, kò gbọdọ̀ dé orí àpáta náà.

"Ẹ máa lọ, Bàbá Yétúndé," ni obìnrin náà wí. "Ohun tí ẹ bá rí lókè, ẹ ó sọ fún mi. Ohun tí èmi náà bá rí nísàlẹ̀, n ó sọ fún yín."

Àwàdà ni ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi máa ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti di àríyànjiyàn láàrin tọkọtaya, àríyànjiyàn tí kò sì parí títí wọ́n fi padà sílé.

Ó yẹ kí a mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà jẹ́ ẹni ọdún 61 nígbà náà. Ó ti lo ọdún 22 lórí ìwé atúmọ̀ èdè kan tí ó fẹ́ fi kó ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá jọ: ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọ̀rọ̀ ahunṣọ, ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò, ọ̀rọ̀ akọpẹ. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé bí àwọn àgbà oníṣẹ́ ṣe ń kú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ń bá wọn wọ sàárè. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní àkókò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970, èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, pé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wọn kò kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti gbà pé ẹnu ìyá ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.

Ìpàdé àwọn onímọ̀ èdè ni ó gbé wọn dé Addis Ababa. Nígbà tí ìpàdé parí, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mekele, olú ìlú Tigray, wọ́n háyà ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀, wọ́n sì gba ojú títì lọ sí ìhà Hawzen, Adigrat àti Adwa, títí wọ́n fi dé Aksum. Ojú ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀nà ẹni tó ń kánjú. Ó ń gùn, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń lọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè bí ejò, àwọn òkè olórí pẹrẹsẹ sì dúró sí ọ̀tún àti òsì bí tábìlì tí ẹnìkan gbàgbé sí pápá.

Ọjọ́ kìíní ni ọ̀rọ̀ kan ti pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Tigray, ń ṣàlàyé fún wọn pé nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fẹ́ rí, Ge'ez ni wọ́n fi ń gbàdúrà.

"Gẹ̀ẹ́sì kẹ̀?" ni ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ní orí àpáta níbí náà? Ṣebí wọ́n ní àwọn ará ibí lé òyìnbó padà ni?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1896, ní Adwa tí wọ́n ń lọ yẹn gan-an, ni ọmọ ogun Etiópíà ti ṣẹ́gun àwọn ará Ítálì. Ṣùgbọ́n Ge'ez kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ìjọba Aksum àtijọ́ ni, ìbátan èdè Lárúbáwá àti ti Hébérù. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ti kọjá tí ó ti kúrò ní èdè tí ènìyàn ń sọ nínú ilé. Tigrinya àti Amharic, tí wọ́n jẹ́ ìbátan rẹ̀, ni ará ọjà ń sọ. Síbẹ̀, Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Etiópíà kò fi í sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà wá bọ́ sí orí ohun tí ó fẹ́ràn jù. Ó ní ní ọ̀rúndún kẹrin, láyé Ọba Ezana, ni àwọn akọ̀wé Aksum ti ń fi àmì fáwẹ́lì sára kọ́ńsónáǹtì, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fi ń yí ìrísí padà lọ́nà méje. Wọ́n ti mọ̀ pé egungun ọ̀rọ̀ nìkan kò tó ẹni tó fẹ́ kàwé, ó fẹ́ ẹran pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọ̀pọ̀ atẹ̀wé Yorùbá ṣì ń rí àmì ohùn bí ìdọ̀tí tó yẹ kí wọ́n gbá kúrò lójú ìwé.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Tiwọn ni Ge'ez tí ẹnikẹ́ni kò sọ nílé mọ́. Tiwa ni Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ-ọmọ wa kò sọ nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fèsì. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ Yétúndé, jẹ́ ọmọ ọdún 7. Kì í ṣe òkè òkun ló ń gbé, Ìbàdàn ni. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi í sí ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, àwọn òbí rẹ̀ sì ti gbé òfin ilé ẹ̀kọ́ náà wá sílé kí ọmọ má baà ṣàṣìṣe. Bàbá àgbà rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú àpótí, ṣùgbọ́n bí ó bá bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà fi ń dá a lóhùn, nítorí ó yá, kò sì ní wàhálà.

Ní agbègbè Gheralta, ní ọjọ́ kejì, wọ́n dé ìsàlẹ̀ Abuna Yemata Guh. Ṣọ́ọ̀ṣì ni èyí, wọ́n gbẹ́ ẹ sínú òpó àpáta pupa tó dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ yóò bọ́ bàtà, yóò ki ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ bọ inú ihò tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ sára òkúta, yóò sì gba etí àpáta tóóró kan kọjá, tí ọ̀gbun rẹ̀ jìn tó nǹkan bí mítà 200. Òbìrìkìtì òkúta àkọ́kọ́ ni òòyì ti kọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ká aṣọ mọ́ ìdí, ó ní kí àwọn ọmọkùnrin abúlé méjì máa fi ẹsẹ̀ òun hàn òun ní ibi tí yóò tẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tí ó padà dé, ó sọ nípa àwòrán àwọn àpọ́sítélì tó wà lára àjà, bí ọ̀dà wọn ṣe ń tàn bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán ni ó gba ọkàn rẹ̀.

"Ìyá ọlọ́mọ tuntun kan wà níwájú mi," ni ó wí. "Ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn gun ibẹ̀. Wọ́n ní ó ń gbé e lọ fún ìrìbọmi ni. Bí ó bá ṣe ọkùnrin, ọjọ́ kẹrìnlélógójì kọ́, ogójì ọjọ́ gééré ni. Bí ó bá ṣe obìnrin, ọgọ́rin ọjọ́. Ó ń gun àpáta, ó ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ọmọ náà sì ń sùn."

Ìdí nìyí tí ojú fi ti ọ̀jọ̀gbọ́n náà láti padà ní ẹsẹ̀ Debre Damo. Kò fẹ́ kí a sọ pé ibi tí wọ́n ti gba obìnrin láàyè, obìnrin gùn ún. Ibi tí wọ́n ti ní kí ọkùnrin nìkan gùn, ọkùnrin sá. Ó di okùn mú. Bí wọ́n ṣe ń fà á sókè bí àpò gàrí, ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn: igbà. Igbà ni okùn tí akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Ara rẹ̀ àti ara igi ni akọpẹ ń fi igbà yí ká, tí ó sì ń fi agbára ara rẹ̀ gòkè. Ṣùgbọ́n okùn Damo, òkè ni wọ́n ti so ó. Bí ẹni tó wà lókè bá fà á wọlé, kò sí ẹni tó lè gòkè mọ́.

Ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀ náà nìyẹn. Ìtàn ìjọ wọn sọ pé ẹni mímọ́ Aregawi, ọ̀kan nínú Àwọn Ẹni Mímọ́ Mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ìlú òkèèrè wá, ni ó dá ilé náà sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹfà. Wọ́n ní ejò ńlá kan ni ó gbé e dé orí àpáta, kí áńgẹ́lì kan sì má jẹ́ kí ejò náà pa á lára. Ọmọ Abẹ́òkúta kò lè ṣàì lóye irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ ohun tí Olúmọ ṣe fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà ogun. Ẹni tí ogun ń lé, tí ó rí àpáta, ti rí baba.

Lókè, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn ilé kéékèèké òkúta wà níbẹ̀, pẹ̀lú kòtò omi tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta láti gba omi òjò, àti ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi igi àti òkúta kọ́, ìpele igi kan, ìpele òkúta kan, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìkọ́lé Aksum. Ayàwòrán ilé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Derek Matthews, ni ó ṣe àbójútó àtúnṣe rẹ̀ ní 1948. Àwọn ẹranko tí wọ́n gbẹ́ sára pákó wà lára àjà rẹ̀. Díákónì ọ̀dọ́ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ṣí ìwé aláwọ kan, ó sì kà á ní Ge'ez, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò kọsẹ̀ nínú lẹ́tà kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í pé kí ni ìtumọ̀ ohun tí ó kà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò tíì dé ibẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ òun. Kíkà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni orin, ìtumọ̀ àti ewì tí wọ́n ń pè ní qene sì wà níwájú, wọ́n sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún.

"Ta ni ó kọ́kọ́ bá ọ sọ Ge'ez?" ni ọ̀jọ̀gbọ́n tún bi í.

"Olùkọ́ mi," ni ó dáhùn. "Ìyá mi kò gbọ́ ọ. Tigrinya ni ìyá mi ń sọ."

Ìdáhùn yìí kò ju ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti kà nínú ìwé lọ. Ṣùgbọ́n ní orí àpáta tí ìyá kankan kò gbọdọ̀ tẹ̀, ó wúwo. Èdè tó wà ní ibẹ̀ ní olùkọ́, ó ní ìwé, ó ní àlùfáà, ó ní orin. Ìyá nìkan ni kò ní.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀jọ̀gbọ́n kalẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó bá ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ igi láàrin àwọn obìnrin abúlé. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń kà á ní Tigrinya: hade, kilte, seleste, arba'te, hamushte. Òun náà sì ti san án padà. Ọmọdébìnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, dúró níwájú rẹ̀, ó ń na ìka sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wí pé, "Ení, èjì, ẹ̀ta," ohùn rẹ̀ sì gún bí ti ọmọ tí wọ́n bí sí Ifẹ̀.

"Ẹ ti rí tòkè," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ wá gbọ́ tìsàlẹ̀. Ọmọ Tigray ti mọ ení, èjì, ẹ̀ta láàrin wákàtí méjì. Ọmọ Yétúndé ti lo ọdún méje láyé, kò mọ̀ ọ́n. Ìwé yín kò ṣẹ̀, Bàbá Yétúndé. Ṣùgbọ́n orí àpáta ni ẹ ń kó èdè náà lọ."

Ó dùn ún. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n dé ilé àwọn mọ́ńkì ti Abba Garima nítòsí Adwa, ó gbìyànjú láti dá ara rẹ̀ láre. Níbẹ̀ pẹ̀lú, obìnrin kì í wọ inú ilé náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn Ìwé Ìhìnrere ibẹ̀ jáde kí obìnrin náà lè rí i. Àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí awọ àwọn ìwé náà fi hàn pé láàrin ọdún 330 àti 650 ni wọ́n ṣe wọ́n, èyí tó fi wọ́n sára àwọn ìwé Ìhìnrere alaworan tó pẹ́ jù lọ láyé. Nínú ọkọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n rán ìyàwó rẹ̀ létí Ìwé Énọ́kù. Èdè Árámáìkì rẹ̀ ku àjákù, ti Gíríìkì ku apá kan. Ge'ez nìkan ni ó pa á mọ́ lódindi, títí James Bruce fi gbé ẹ̀dà rẹ̀ dé Yúróòpù ní 1773. Bí kò bá sí àwọn ọkùnrin orí àpáta wọ̀nyí, tí wọ́n ń da ìwé kọ láti ìran dé ìran, aráyé ìbá ti pàdánù rẹ̀. Ìyá kì í kọ́ ọmọ ní Ìwé Énọ́kù lórí ẹní.

"Òótọ́ lẹ sọ," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Èmi kò ní kí wọ́n jó ìwé. Ohun tí mo ní ni pé ìwé ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, ènìyàn ló ń pa èdè mọ́. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí Bíbélì Yorùbá ní 1884, ṣé kì í ṣe èdè tí àwọn ìyá wa ń sọ lọ́jà ni wọ́n fi kọ ọ́? Ìdí nìyí tí kò fi nílò okùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà tó wà lọ́jà."

Kò sí ẹni tó borí nínú wọn títí wọ́n fi dé Aksum. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà sí Ìbàdàn, ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Ó kàn bẹ ọmọ rẹ̀ pé kí ó máa mú ọmọ náà wá ní ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Àìkú. Àdùkẹ́ ni ó ń pe ọmọ náà, oríkì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi pè é rí. Kò gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń mú un lọ sí ọjà Bódìjà, ó ń mú un dání lọ sí ìdí ààrò, ó ń pa á lálọ̀ọ́, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ bí ọmọ náà bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè oúnjẹ. Nínú iyàrá ìwé rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbọ́ ohùn wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí jáde.

Ní oṣù kọkànlá 2020, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Tigray. Wọ́n gé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, fóònù awakọ̀ wọn kò sì wọlé mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ìròyìn jáde pé wọ́n ti yin ìbọn ńlá lu Debre Damo, pé wọ́n sì ti jí nínú ẹrù rẹ̀ kó lọ. Ogun náà jà títí di oṣù kọkànlá 2022, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Pretoria. Ọ̀jọ̀gbọ́n ronú nípa díákónì ọ̀dọ́ náà àti ìwé aláwọ rẹ̀. Àwọn mọ́ńkì lè fa okùn wọlé fún olè ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ńlá kò béèrè okùn kí ó tó gòkè. Ìyàwó rẹ̀ ronú nípa ọmọdébìnrin abẹ́ igi. Yóò ti di ọmọ ọdún 14. Wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, wọn kò sì ní ẹni tí wọ́n lè bi.

Ní ọdún 2021 kan náà ni àwọn atẹ̀wé fi ìwé àyẹ̀wò atúmọ̀ èdè náà ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n, lẹ́yìn ọdún 31 tí ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà Àdùkẹ́, tó ti di ọmọ ọdún 16, ni ó ń kà á fún un ní alaalẹ́, tí òun sì ń tẹ́tí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà kà á pé: "Igbá. Okùn tí akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ." Ó dákẹ́.

"Bàbá àgbà, wọ́n ti ṣì í. Igbá kọ́ nìyí. Igbá ni Màmá àgbà fi ń bu omi. Igbà ni tàkọpẹ."

"Ta ni ó kọ́ ọ?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Kò sí ẹni tó kọ́ mi, Bàbá àgbà. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mú gègé, ó wá ọ̀rọ̀ náà rí lójú ìwé, ó sì tún àmì orí rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó pe ìyàwó rẹ̀ láti ilé ìdáná pé kí ó wá gbọ́.